Àwọn Obìnrin Tí Wọ́n Ní Wọ́n Bi Léèrè

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á sókè. Bí ẹnì kan bá jókòó tì yín tí ẹ ò mọ ọmọ ẹni tó jẹ́, ẹ pa ìwé yìí dé ná. Mi ò jalè. Mi ò pààyàn. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré ló bọ́ lẹ́nu mi, àmọ́ ìwé tó ń jẹ́ kí n gbé ìlú yìí ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn, mi ò sì mọ ibi tí wọ́n máa gbà yọ sí mi.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Mo lè ka nǹkan bí mo bá fi ìka tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti ta kókó, ẹ bá mi tú u.

Iṣẹ́ tíì ni mo ń ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ìyẹn ni pé mò ń se omi tíì, mò ń gbálẹ̀, mò ń fi ẹ̀rọ ṣe ẹ̀dà ìwé, ní ọ́fíìsì tí àwọn ará ilẹ̀ wa gbà sí ìlú yìí. Ìyá Tíì ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀. Àjà kẹrin ni ọ́fíìsì náà wà, dókítà eléyín ló wà lábẹ́ wa. Bí gbogbo ilé bá dákẹ́, a máa ń gbọ́ ẹ̀rọ tó fi ń gbẹ́ eyín lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, á máa dún zzz, zzz, bí ẹni pé àwa gan-an ló ń gbẹ́. Yàrá mẹ́ta ni: ti Aṣojú tó jẹ́ ọ̀gá wa, ti akọ̀wé, àti èyí tí àlejò ń jókòó sí. Ibi tí mo ti ń se tíì kì í ṣe yàrá. Igun ògiri ni.

Lórí tábìlì Aṣojú, abọ́ tòmátì kan wà níbẹ̀ tí a fi ń ṣe àfihàn fún àlejò. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni mo ń pààrọ̀ rẹ̀. Bí páálí tó ń ti ilé bọ̀ bá pẹ́, Aṣojú á ní kí n lọ ra ti ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀, kí n sì ṣí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn kúrò. Mi ò bi í pé kí ló dé. Èyí tó bá ti ń rọ̀ ni mo ń gbé lọ sílé.

Ilé mi, yàrá kan ni, lókè ẹni tó ń gbẹ́ kọ́kọ́rọ́. Àga kan ló wà níbẹ̀. Bí mo bá ti jókòó, ilé kún. Ọdún mọ́kànlá rè é tí mo ti wà nínú rẹ̀, àwọn aládùúgbò mọ bàtà mi ju ojú mi lọ, torí pé ilẹ̀ ni mò ń wò bí mo bá ń kọjá. Àbúrò mi obìnrin nìkan ló kù fún mi láyé. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilẹ̀ wa bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ wa kì í ṣe orílẹ̀-èdè. Ìjọba ńlá kan ló mú wa sábẹ́ apá rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé. Àwọn kan ní tirẹ̀ ni wá, àwọn kan ní irọ́ ni. Tòmátì la fi ń jẹun. Àwọn orílẹ̀-èdè tó ń rà á lọ́wọ́ wa, tí ìlú tí mo wà yìí jẹ́ olú fún, bá ìjọba ńlá yẹn ṣe àdéhùn pé kí tòmátì wa máa wọlé pẹ̀lú owó ibodè bíńtín, kí ó má san iye tí àwọn yòókù ń san. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rà á. Bí wọ́n bá gba owó ibodè kíkún lórí rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Àdéhùn yẹn ti fẹ́ parí. Wọ́n fẹ́ sọ ọ́ dọ̀tun. Àmọ́ ìgbìmọ̀ kan wà tó ní àwọn ò ní fọwọ́ sí i, àfi bí àwọn bá rí i pé wọ́n bi àwọn ará ilẹ̀ náà léèrè, tí wọ́n sì gbà. Kì í ṣe ìjọba tó mú wa ni kí wọ́n bi o. Àwa gan-an ni.

Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni Aṣojú ṣe gba ọkùnrin kan síṣẹ́. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ẹlẹ́nu Oyin, nínú ikùn mi o, mi ò jẹ́ kó gbọ́. Ọmọ ìlú yìí ni, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ wa, ó gbọ́ èdè wa dáadáa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn, kó máa tu àwọn ará ìgbìmọ̀ tó máa dìbò lé e lójú. Á bá wọn jẹun. Á béèrè àlàáfíà ọmọ wọn pẹ̀lú orúkọ. Ó máa ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, á bọ́ bàtà sábẹ́ tábìlì.

"Ìyá Tíì," ó sọ lọ́jọ́ kan, "ẹ fún mi ní tíì tó le. Mo ti rẹ́rìn-ín láti àárọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dùn mí bí ẹni tó jẹ iyanrìn."

"Mélòó lo ti rí?" Aṣojú bi í. Aṣojú kì í rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin gíga ni, ó máa ń tún táì rẹ̀ so bí kò bá mọ ohun tó máa sọ.

"Mọ́kànlá wà lápò mi. A nílò mẹ́rìnlá. Àwọn mẹ́ta yòókù ń ké ìwé, ìwé. Wọ́n fẹ́ rí orúkọ àwọn tí ẹ bi léèrè."

"Mo ti kọ̀wé sílé. Wọ́n ní orúkọ ń bọ̀."

"Kó yáa bọ̀. Ìyàwó tí ń bọ̀ kì í bímọ."

Orúkọ náà dé ní Ọjọ́rú. Akọ̀wé tún un tẹ̀ dáadáa, ó kọ ọ́ sókè pé ÀWỌN TÍ A BI LÉÈRÈ, ó ní kí n ṣe ogójì ẹ̀dà. Ẹ̀rọ náà gbóná. Bí ìwé ṣe ń jáde ni mo ń tò ó, mò ń fi ìka mi tẹ̀ lé orúkọ, nítorí orúkọ ilé ni, ó sì pẹ́ tí mo ti rí orúkọ ilé tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Igba dín mẹ́fà ni wọ́n. Mo mọ àwọn kan nínú wọn. Èyí bá mi jókòó rí. Èyí jí búrẹ́dì mi rí. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá wọ yàrá tó kún, tí ẹnikẹ́ni ò sì gbójú sókè.

Lẹ́yìn náà ni mo rí orúkọ àbúrò mi. Níwájú rẹ̀, lábẹ́ ibi tí wọ́n kọ Ọjọ́ Orí sí, mẹ́sàn-án ló wà.

Mo gbé ìwé náà súnmọ́ ojú. Mẹ́sàn-án. Ìyá tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ilé tí a ti ń di tòmátì sí páálí jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́fà. Obìnrin kan tó ti ní ọmọ-ọmọ kó tó di pé mo kúrò nílé jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rin. Ẹ̀rín pa mí. Kí ẹ̀rín tó tán ni ara mi tutù, torí mo ti mọ ohun tó jẹ́.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi di tòmátì ní ilé yẹn. Láràárọ̀, kí èèyàn tó wọlé, á lọ sí fèrèsé kan, wọ́n á fún un ní aṣọ iṣẹ́ funfun. Nọ́ńbà wà lẹ́yìn aṣọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó kéré ni ti tín-ín-rín, èyí tó bá ń lọ sókè ń fẹ̀ sí i. Wàá kọ orúkọ rẹ, wàá kọ nọ́ńbà aṣọ tó o gbà, wàá tẹ ìka, kí o má baà gbé aṣọ lọ sílé. Èmi máa ń gba méjìdínláàádọ́rùn-ún. Àbúrò mi tín-ín-rín bí igi ìṣáná. Mẹ́sàn-án ló máa ń gbà.

Ìwé aṣọ ni wọ́n fi ránṣẹ́. Aṣojú ní kí wọ́n kó orúkọ àwọn tí wọ́n bi léèrè wá, àwọn tó wà nílé sì na ọwọ́ sí ìwé tó súnmọ́ wọn jù, wọ́n yọ ọ́, ó ní orúkọ, ó ní ìka, ó tó.

Ọjọ́ Àìkú dé, mo pe àbúrò mi.

"Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n mi. Mo rò pé òtútù ti gbé yín mì."

"Kò tíì gbé mi mì. Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Ṣé wọ́n bi ọ́ léèrè?"

"Ta ló bi mí? Kí ni wọ́n bi mí?"

"Ti àdéhùn tòmátì. Bóyá o fẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi? Ní ilé tí alábòójútó kì í bi mí bóyá ara mi yá? Lánàá ló bú mi pé mo di èyí tí ò pọ́n mọ́ èyí tó pọ́n. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ lọ́sẹ̀ yìí."

"Orúkọ rẹ wà nínú ìwé. Wọ́n ní wọ́n bi ọ́, o sì gbà. Wọ́n ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́."

"Mẹ́sàn-án? Ẹ bá mi kí wọn. Ọkọ mi ní mo ti ń darúgbó."

"Ìwé aṣọ ni."

"Mo ti mọ̀ pé ìwé aṣọ ni." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Wọ́n ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Wọ́n ti fá tèmi, mi ò tiẹ̀ gbọ́ ìró abẹ."

"Bí wọ́n bá bi ọ́ lóòótọ́, kí lo máa sọ?"

"Kí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ná." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má dá sí i. Ọmọ mẹ́ta ló so mọ́ mi lọ́rùn. Bí ilé yìí bá tì, kò sí iṣẹ́ míì níbí, ẹ̀yin náà mọ̀. Nígbà tí ìyá wa ò lè dìde mọ́, ẹ gbé àpótí yín, ẹ lọ. Mi ò wí nǹkan kan. Àmọ́ bí ẹ bá fi ẹnu yín gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mi, ẹ má pè mí mọ́. Mi ò ní gbé e."

Mo ní mo ti gbọ́. Ó ní kí n máa wọ ìbọ̀sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe pa fóònù.

Mi ò fẹ́ dá sí i. Ọlọ́run gbọ́. Ohun tí mo rò ni pé kí n ràn wọ́n lọ́wọ́, kí wọ́n tún ìwé náà ṣe kó tó kúrò ní ọ́fíìsì. Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí mo gbé tíì fún Ẹlẹ́nu Oyin, mo dúró tì í.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Nọ́ńbà tó wà nínú ìwé orúkọ yẹn, kì í ṣe ọjọ́ orí."

Ó wò mí. Mi ò rò pé ó ti wò mí rí. Mo sọ ti aṣọ fún un. Ó ṣí ìwé náà, ó wá ìyá ọlọ́dún mẹ́tàdínlọ́gọ́fà rí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà kú.

"A ti pín in," ó ní. "Ó ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn láàárọ̀ yìí."

"Ẹ lè gbà á padà."

"Ìyá Tíì, ta ló máa ka igba orúkọ? Wọ́n á wọn bó ṣe wúwo tó lọ́wọ́, wọ́n á gbé e sílẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan kan o."

Aṣojú ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń tún táì so.

"Ìwé ìgbélùú yín," ó ní, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "oṣù wo ló máa parí?"

"Oṣù méjì sí i, sà."

"Ẹ jẹ́ ká rántí láti bá yín sọ ọ́ dọ̀tun."

Ó lọ. Mo fọ ife kan náà lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọjọ́bọ̀ ni obìnrin ìgbìmọ̀ wá. Ó ku ogún ìṣẹ́jú sí àkókò tí wọ́n dá fún un, Aṣojú àti Ẹlẹ́nu Oyin kò tíì ti ibi tí wọ́n lọ dé, akọ̀wé wà ní ìsàlẹ̀ ó ń dúró dè wọ́n. Èmi nìkan ló wà lókè. Obìnrin kúkurú ni, ó wọ kóòtù òjò, ó dà bí olùkọ́. Mo fún un ní àga, mo gbé tíì wá. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó wo ojú mi dúpẹ́. Èyí náà dẹ́rù bà mí.

Ó mú ìwé orúkọ jáde. Ó ti fi pẹ́ńsù fa ìlà sí i káàkiri. Ó ti kà á. Ẹnì kan ti ka gbogbo rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, màdámù," ó ní ní èdè ìlú yìí, ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kí n lè bá a lọ. "Ṣé láti ibẹ̀ lẹ ti wá?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé wọ́n máa ń fi ọmọdé ṣiṣẹ́ níbẹ̀?"

Mo ní rárá.

"Mo ní ọmọbìnrin kan nílé tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Kò lè so okùn bàtà ara rẹ̀ tán. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan wà nínú ìwé yìí. Ọmọ ọdún mẹ́rin wà níbẹ̀. Bí mo bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ọmọdé ló ń di tòmátì, ilé náà máa tì kí oṣù tó parí, ìyẹn ò tiẹ̀ ní dúró de ìbò."

Pẹ́ńsù rẹ̀ wà lórí orúkọ àbúrò mi. Lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, dókítà eléyín bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́.

Ẹ bá mi rò ó. Bí mo bá dákẹ́, ilé tì. Bí mo bá sọ̀rọ̀, bóyá ó tì, bóyá kò tì. Mo rò ó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Nígbà yẹn, mi ò ro nǹkan kan. Ohun tó dùn mí ni pé àjèjì kan ń wo orúkọ àbúrò mi, ó sì rò pé ọmọdé ni.

"Ọmọdé kọ́," mo ní. "Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni. Ó ti bímọ mẹ́ta. Àbúrò mi ni."

Ó gbójú sókè. "Kí wá ni mẹ́sàn-án?"

"Aṣọ iṣẹ́ ni. Nọ́ńbà aṣọ."

Ó wo ìwé náà. Ó ṣí ojú ewé kejì, ó ṣí ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Mo rí i nígbà tó yé e. Kò yà á lẹ́nu púpọ̀, ìyẹn ló burú jù. Ó kàn rẹ̀ ẹ́.

"Nítorí náà wọn ò bi ẹnikẹ́ni léèrè," ó ní.

Mo ti gbé àwo tíì, mo ti kọjú sí igun ògiri mi. Àwọn ọ̀gá méjèèjì wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín àti òjò lára.

Aṣojú kò pariwo mọ́ mi. Lọ́jọ́ kejì, ó ní, "Ìyá Tíì, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀," mo sì fi í sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ tòmátì. Ẹlẹ́nu Oyin wà níbẹ̀. Kò ṣe àwàdà. Ó bá mi di ilẹ̀kùn mú títí mo fi jáde, ó sì sọ pé, "Ẹnu àìmẹ́nu, ìyá." Kò parí òwe náà. Àwa méjèèjì mọ ìyókù.

Mo pe àbúrò mi lọ́jọ́ Àìkú. Kò gbé e. Ọjọ́ Àìkú márùn-ún ni mo pè é. Ó máa ń dún, á dún, obìnrin inú ẹ̀rọ á wá sọ pé kí n pè padà. Mo mọ ohùn obìnrin yẹn ju ti ẹnikẹ́ni lọ báyìí. Mo kà á nínú ìwé ìròyìn tí ẹnì kan gbàgbé sí ibi tí a ti ń fọṣọ pé ìgbìmọ̀ kò fọwọ́ sí àdéhùn náà, wọn ò sì kọ̀ ọ́. Wọ́n ní kí wọ́n rán àwọn èèyàn lọ bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè ná, ní tòótọ́. Kó tó di ìgbà yẹn, àwọn tó ń ra tòmátì ti ń fà sẹ́yìn, ilé náà ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta péré lọ́sẹ̀. Orí gbólóhùn yẹn ni ìka mi dúró sí fún ìgbà pípẹ́.

Mò ń fọ àtẹ̀gùn ní ilé kan báyìí. Ìwé ìgbélùú mi ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ẹnì kan bá ń bọ̀ láti òkè, mo máa ń fara mọ́ ògiri kó lè kọjá.

Orí àtẹ̀gùn náà ni mo wà lọ́sàn-án àná, pẹ̀lú garawa omi, nígbà tí fóònù dún. Àbúrò mi ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Èmi nìyí." Mo jókòó sórí ibi tó tutù.

"Wọ́n wá."

"Àwọn wo?"

"Àwọn obìnrin méjì àti ògbufọ̀ kan. Wọ́n jókòó sí yàrá ìjẹun, wọ́n ń pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Alábòójútó fẹ́ bá wa wọlé, wọ́n ní kó dúró síta. Ó sì dúró, ẹ̀gbọ́n mi. Inú oòrùn ló dúró sí, ó ń nu orí."

Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀ tó dùn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù bà mí láti mí.

"Wọ́n bi ọ́?"

"Wọ́n bi mí. Wọ́n bi mí, wọ́n sì dúró kí n dáhùn. Mo pẹ́ kí n tó dáhùn. Wọn ò kánjú mi."

"Kí lo sọ?"

Mo fi fóònù mọ́ etí sí i.

"Ṣé o gbà ni? Àbí o kọ̀? Àbúrò mi, ṣé iṣẹ́ náà máa wà?"

"Mo ti sọ ọ́ fún ẹni tó bi mí."

"Èmi náà ń bi ọ́."

"Ẹ̀yin ń bi mí kí ẹ lè rí oorun sùn." Kò fi ìbínú sọ ọ́. "Èyí tí mo sọ, tèmi ni. Mi ò ní nǹkan míì tí mo lè pè ní tèmi. Ẹ má bi mí mọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Kò pa fóònù. Mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ́ páálí nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mò ń gbọ́ èémí rẹ̀. Mo dúró.